Kwátẹ́ẹ̀tì ọmọ mi fẹ́ lọ díje lágbàáyé: Banff ni àbí Wigmore Hall? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

ÌyáOnífíólà, Manchester
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi obìnrin ń ta fíólà nínú kwátẹ́ẹ̀tì kan ní ilé ẹ̀kọ́ orin níbí. Àwọn mẹ́rin náà ni: fáyólìnì méjì, fíólà kan, ṣẹ́lò kan. Ẹnu wọn ti kò báyìí pé àwọn fẹ́ lọ díje. Ẹnì kan ń pariwo Banff ní Kánádà, ẹnì kejì ní Wigmore Hall ní London ló sún mọ́ ilé, olùkọ́ wọn ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí àwọn ìdíje kéékèèké ná. Èmi ò mọ̀ ju kí n gbé ìrẹsì lọ fún wọn ní rìhásà lọ. Ọmọ mi tiẹ̀ ní kí n má dá sí i, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n máa wá bá fún owó bàálù? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, kí ló yẹ kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó fi orúkọ sílẹ̀?

Ṣẹ́lòToronto
Ẹ kú ìnáwó ọmọ, mà. Kánádà ni mò ń gbé, mo sì ti jókòó gbọ́ ìdíje Banff láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọdún 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń ṣe é, ní ìparí oṣù kẹjọ, ní Banff Centre láàárín àwọn òkè Rockies ní Alberta. Nǹkan bíi kwátẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá ni wọ́n ń pè láti gbogbo ayé, ẹni tó bá sì ti pé ọdún 35 ò lè bá wọn dé ibẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ìdíje yìí ni pé wọn kì í ta ẹnikẹ́ni nù lẹ́yìn ìpele àkọ́kọ́. Gbogbo wọn ló máa ta gbogbo ìpele tó ṣáájú, kí wọ́n tó wá mú mẹ́ta fún àṣekágbá. Ẹ ronú sí ìyẹn dáadáa, mà. Àwọn ìdíje kan wà tó jẹ́ pé ẹ ó ná owó bàálù, ẹ ó san ilé ìtura, àwọn ọmọ á ta orin fún bíi wákàtí kan, ó parí, wọ́n ti ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Orin tuntun kan tún máa ń wà tí àwọn ará Banff fúnra wọn ní kí ọmọ Kánádà kan kọ. Kò sí ẹni tó ti gbọ́ ọ rí, kò sí rẹ́kọ́ọ̀dù téèyàn lè fara wé, gbogbo kwátẹ́ẹ̀tì ló sì gbọ́dọ̀ ta á. Nígbà tó bá fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, àwa tá a jókòó ti máa ń mọ ẹni tó kàn ń ka nóòtì àti ẹni tó ti rí nǹkan nínú ẹ̀.

FáyólìnìKejì, London
Mo kí yín, mà. Ti Wigmore Hall: Portsmouth ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1979, Yehudi Menuhin, gbajúgbajà onífáyólìnì nì, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Àwọn ọmọ Họ́ngárì kan tó ń jẹ́ Takács ló gba ipò kìíní nígbà àkọ́kọ́ yẹn, ẹ sì wo ibi tí orúkọ wọn dé lónìí. Lẹ́yìn náà ni ìdíje náà kó wá sí London. Inú ọgbà Royal Academy of Music ni wọ́n ti ń ta àwọn ìpele ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà tó bá ku díẹ̀ ni wọ́n á tó wọ gbọ̀ngàn Wigmore fúnra ẹ̀.

Gbọ̀ngàn yẹn, ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i, ó gba nǹkan bí 550 èèyàn. Bí ohùn ṣe ń rìn nínú ẹ̀ kò láfiwé. Tí ẹni tó ń ta fáyólìnì kìíní bá mí sínú kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá á gbọ́. Àwọn tó bá ti mọ́ra pẹ̀lú kíláàsì tó ń dún wooo máa ń fi agbára tẹ okùn níbẹ̀, kò sì pọn dandan rárá. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ náà kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lọ jókòó gbọ́ kwátẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn níbẹ̀ kí wọ́n tó fi orúkọ sílẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ olùkọ́ wọn pé kí wọ́n dúró, mi ò fi gbogbo ara gbà á. Esmé, àwọn obìnrin mẹ́rin ọmọ Kòríà tó pàdé ní Cologne, 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gba Wigmore Hall ní 2018. Leonkoro ti Berlin bẹ̀rẹ̀ ní 2019, wọ́n gbà á ní 2022. Àwọn Marmen ní tiwọn, Royal College of Music níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ó di 2019 kí wọ́n tó gba ìdíje Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n sì tún pín ipò kìíní Banff pẹ̀lú kwátẹ́ẹ̀tì Viano lọ́dún kan náà. Kí wọ́n yéé ka ọdún. Kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ nínú fóònù, kí wọ́n gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ kejì bí ẹni tí kò mọ àwọn tó ń ta á, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n dé.

ỌmọOníkan, Èkó
Ẹ̀gbọ́n FáyólìnìKejì, ẹ jọ̀ọ́ sà. Èmi kọ́ fáyólìnì ní MUSON, mo sì máa ń wo àwọn ìdíje yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ló dé tí gbogbo wọn ṣáà fi ń béèrè orin Haydn, ọmọ Austria àtijọ́ yẹn? Orin tó rọrùn yẹn? Ṣé kì í ṣe orin Bartók tó le koko ló yẹ kí wọ́n fi mọ akọni ni?

FáyólìnìKejì, London
Àbúrò, Haydn gan-an ni wọ́n fi ń mọ akọni. Mo ti bá àwọn méjì tó ti jẹ́ adájọ́ rí sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò yàtọ̀: láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta Haydn ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá kwátẹ́ẹ̀tì ni àbí àwọn mẹ́rin tó kàn jókòó ti ara wọn.

Nínú Bartók, tí ẹnì kan bá fi bow, ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa okùn, gbo okùn jù, èèyàn lè rò pé bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Haydn kò fún ẹnikẹ́ni nírú àyè bẹ́ẹ̀. Nóòtì kò pọ̀, ohùn mẹ́rin náà hàn gbangba, èyí tó bá yẹ̀ díẹ̀ ti hàn. Mú Op. 33 nọ́ńbà kejì (Op. ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to iṣẹ́ olórin), èyí tó kọ ní 1781. Ìparí ẹ̀ kún fún àwàdà: orin á ṣe bíi pé ó ti parí, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀, á tún dákẹ́ pẹ́, àwọn èèyàn á ti fẹ́ pàtẹ́wọ́, á tún yọ orí jáde. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, tí ẹnì kan ṣoṣo bá tètè gbé bow sílẹ̀, tàbí tó bá ti ń fi ojú wá ibi tó kàn, àwàdà ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jọ dákẹ́, kí wọ́n sì jọ mọ bí ìdákẹ́jẹ́ náà ṣe máa gùn tó láìka iye. Mo ti rí àwọn tó ta orin Ligeti tó le koko bí iná ọyẹ́ tí wọ́n sì já níbẹ̀.

Kwátẹ́ẹ̀tì 68 ló kọ, kò sí ìdí tí gbogbo ayé fi gbọ́dọ̀ máa gbé mẹ́rin márùn-ún kan náà wá. Kí wọ́n wá èyí tó bá ìwà wọn mu nínú Op. 20 tàbí Op. 76, kí wọ́n tètè mú un, kí wọ́n sì ti ta á fún èèyàn lójú ayé lọ́pọ̀ ìgbà kí ọjọ́ ìdíje tó dé: ilé ìwé, ilé àwọn arúgbó, ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣẹ́lòToronto
Ó dáa tí ẹ̀gbọ́n mẹ́nu kàn án. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ohùn okùn kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń jàǹbá láìmọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọrin ní kọ́áyà, dò-sò lẹ fi máa mọ̀ ọ́n. Okùn ṣẹ́lò àti ti fíólà, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, C, G, D, A ni. Ti fáyólìnì ni G, D, A, E. Láti okùn kan sí ìkejì jẹ́ dò sí sò. Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá yí gbogbo okùn títí tí dò-sò kọ̀ọ̀kan fi mọ́ gaara, ẹ wá ní kí ṣẹ́lò ta C tó wà nísàlẹ̀, kí fáyólìnì ta E tó wà lókè. E yẹn ni mì fún C. Ẹ máa gbọ́ pé mì yẹn ti ga jù, á máa gún etí, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ṣi nǹkan kan ṣe. Bí ìṣirò ohùn ṣe rí nìyẹn: dò-sò mẹ́rin tó mọ́ gaara kì í gúnlẹ̀ síbi tí mì tó dùn wà.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n fún dò-sò kọ̀ọ̀kan pọ̀ bíńtín. A ni gbogbo wọn máa gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, nígbà tí wọ́n bá fi máa sọ̀ kalẹ̀ dé C, C ṣẹ́lò àti C fíólà á ti ga díẹ̀ ju bí ẹni tó ń dá ta ṣe máa fẹ́ ẹ. Kí ọmọ yín àti ẹni tó ń ta ṣẹ́lò fi C méjèèjì wé ara wọn ṣáájú gbogbo rìhásà. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n máa ta ibi tó lọ́ra nínú Haydn láìgbọn ìka rárá, ní méjì méjì: fáyólìnì kejì pẹ̀lú fíólà nìkan, lẹ́yìn náà fíólà pẹ̀lú ṣẹ́lò. Ó máa ń sú èèyàn. Kò sí rìhásà míì tó wúlò tó o.

BàbáÌbejì, Peckham
Ẹ má bínú, èmi máa sọ ti ẹnu mi. Owó tí wọ́n máa ná lórí gbogbo eléyìí, ta ni máa dá a padà? Ẹ pín ẹ̀bùn ọ̀hún sí ọ̀nà mẹ́rin, ẹ yọ owó orí, ẹ yọ owó bàálù, kí ló kù? Orin kì í ṣe eré ẹṣin.

FáyólìnìKejì, London
Ẹ kú ọ̀rọ̀, Bàbá. Tó bá jẹ́ tìtorí owó tí wọ́n ń fúnni lọ́wọ́, òótọ́ lẹ sọ, kí wọ́n jókòó sílé. Àwọn ibi tí wọ́n máa ń ní kí ẹni tó borí wá ta orin lẹ́yìn ìdíje ni èrè tó wà níbẹ̀. Àwọn kwátẹ́ẹ̀tì Dover gba ipò kìíní àti gbogbo ẹ̀bùn àkànṣe ní Banff ní 2013, wọn ò sì fẹsẹ̀ kan dúró mọ́ láti ìgbà náà. Àwọn tí kò tiẹ̀ borí náà máa ń rí nǹkan mú bọ̀, torí àwọn tó ń ṣètò orin kárí ayé ló máa ń kún inú gbọ̀ngàn. Ẹni tó ṣe ipò kẹrin lè gba lẹ́tà ìpè láti ìlú kan tí kò mọ̀ rí.

Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú yín lórí nǹkan kan: kwátẹ́ẹ̀tì tó bá ń ti ìdíje kan bọ́ sí ìkejì lọ́dọọdún, wọ́n máa ń di ẹni tí kò lè ta orin láìwo ojú adájọ́. Kí wọ́n mú ọ̀kan, ó pọ̀ jù méjì, kí wọ́n sì fi ìyókù ọdún ta orin fún èèyàn.

AtúnFáyólìnìṢe, Leeds
Mà, ẹ gbọ́ ti èmi tí mò ń tún nǹkan yìí ṣe. Banff ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,400, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì gbẹ. Igi tó ti mọ́ra pẹ̀lú òjò Manchester máa ń sún kì tó bá débẹ̀. Èèkàn tí wọ́n fi ń yí okùn á máa yọ̀, ohùn á sì máa já wálẹ̀ láàárín orin. Nígbà míì, ẹ̀gbẹ́ fíólà á là níbi tí gọ́ọ̀mù ti mú un. Kò sí ìbẹ̀rù níbẹ̀ téèyàn bá ti múra.

Ní oṣù kan ṣáájú, kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé ohun èlò wọn lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, kó yẹ gbogbo ojú gọ́ọ̀mù wò, kó sì tún èèkàn ṣe. Kí wọ́n fi nǹkan tó ń pèsè ọ̀rinrin sínú àpótí, pẹ̀lú mítà kékeré tó ń sọ iye ọ̀rinrin. Tó bá ti wà láàárín 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n lè sùn. Kí wọ́n pààrọ̀ okùn ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú, nítorí okùn tuntun kì í dúró sójú kan. Kí wọ́n ní ẹ̀dà okùn kọ̀ọ̀kan lápò. Ẹni tó ń ta ṣẹ́lò, tó bá ní pátákó gíga míì tó ń gbé okùn dúró, kó mú un dání.

Nǹkan kan tún wà táwọn èèyàn máa ń gbàgbé: bow àtijọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ní eyín erin ṣóńṣó lórí. Òfin àgbáyé tó wà fún ẹranko igbó, CITES, mú un, wọ́n sì lè gbà á lọ́wọ́ ọmọ ní ibodè tí kò bá ní ìwé. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún wọn, kí wọ́n gba ìwé tó yẹ, tàbí kí wọ́n mú bow tuntun lọ.

ÌyáOnífíólà, Manchester
Ọlọ́run á san án fún yín. Eyín erin! Èmi ò mọ̀ rárá. Mo béèrè, ti ọmọ mi kò ní, ti ọmọ tó ń ta fáyólìnì kìíní ló ní i, ti bàbá bàbá ẹ̀ ni.
Ìbéèrè míì: pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé wa náà ni ọmọ mi ṣì ń lò. Àwọn mẹ́ta yòókù ò ní wàhálà. Kí ni ká ṣe?

Ẹlẹ́kọ̀ọ́Òfin, Birmingham
Àǹtí, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ni o. Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Britain, ìwé àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní eTA ló máa gbà kó tó wọ bàálù lọ sí Kánádà. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà máa gba físà, wọ́n á sì tẹ̀ka. Ọjọ́ tí lẹ́tà ìpè bá dé ni kẹ́ ẹ ti gbé fọ́ọ̀mù, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Ẹ fi lẹ́tà ìdíje, lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́, àti ìwé tó fi hàn pé ó ní àṣẹ láti padà sí Britain sí i. Kí olùdarí ìdíje mọ̀ pé ẹnì kan nínú wọn nílò físà, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Kí àwọn mẹ́ta yòókù náà má ṣe sọ pé tiẹ̀ nìyẹn o. Tí wọn ò bá fún un ní físà, kò sí kwátẹ́ẹ̀tì.

ỌmọOníkan, Èkó
Mo tún ní ìbéèrè. Ṣé wọ́n lè ta iṣẹ́ ọmọ Yorùbá níbẹ̀?

Ṣẹ́lòToronto
Níbi tí wọ́n bá ti fi àyè sílẹ̀ pé kí kwátẹ́ẹ̀tì mú ohun tó wù ú ni. Àwọn ìpele yòókù ní àkọsílẹ̀ tí kò ṣe é yí. Akin Euba kọ kwátẹ́ẹ̀tì kan ní 1957, nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní London. Fela Sowande, okùn púpọ̀ ló kọ tiẹ̀ fún, kì í ṣe mẹ́rin. Samuel Coleridge-Taylor tí bàbá ẹ̀ wá láti Sierra Leone náà kọ fún kwátẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n mú un nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n ta. Adájọ́ máa ń mọ orin tí wọ́n gbé wá fún àfihàn lásán.

ÌyáEgbére, Houston
Ọmọ tèmi ò tíì ju 15 lọ. Ṣé ibi kan wà fún irú wọn?

FáyólìnìKejì, London
Ìdíje Fischoff, mà, ní yunifásítì Notre Dame ní Indiana. Láti 1973 ló ti wà, ó sì ní apá tàwọn ọmọ ọdún 18 sísàlẹ̀. Ẹ wo ìkànnì wọn.

FíólàTẹ́lẹ̀rí, Glasgow
Mi ò rí ẹni tó sọ̀rọ̀ fídíò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ìdíje ń fẹ́ fídíò tí wọn ò gé tí wọn ò lẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ abala orin dé òpin ẹ̀. Kí wọ́n má lọ gbà á nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí ohùn ti ń yí po, kò sí adájọ́ tó máa gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Yàrá tó gbẹ díẹ̀ ló dáa. Kí wọ́n gbà á láàárọ̀, nígbà tí ara ṣì le, kí kámẹ́rà sì rí bow mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá ti di ẹ̀ẹ̀kẹfà tí wọ́n ń ta abala kan náà, kí wọ́n kó ẹrù wọn, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ìbínú máa ń hàn nínú fídíò.

Àwọn tó wà nínú fídíò ló gbọ́dọ̀ yọjú síbi ìdíje. Torí náà, kí wọ́n sọ òótọ́ fún ara wọn kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́. Ṣé ẹnì kan ti ń ronú iṣẹ́ ọ̀kẹ́sítírà? Ṣé ẹnì kan fẹ́ ṣègbéyàwó lóṣù kẹjọ? Kí wọ́n bi ara wọn.

Àti ìjà. Wọ́n máa jà, mà, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Ní kwátẹ́ẹ̀tì tiwa, tí ẹnì kan bá ní èrò, a kì í jiyàn lé e lórí, a máa kọ́kọ́ ta á bó ṣe fẹ́ ẹ, tọkàntọkàn, kí ẹnikẹ́ni tó ní òun ò fẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, èrò tuntun ò sí mọ́. Ẹni tó bá rí ọgbọ́n tuntun nínú ilé ìtura lálẹ́ tó ṣáájú àṣekágbá, kó mu omi kó lọ sùn.

Tí wọ́n bá ń lo táblẹ́ẹ̀tì àti bọ́tìnnì ẹsẹ̀ láti ṣí ojú ìwé, kí ìwé gidi náà wà lábẹ́ àga. Ẹ̀yin náà, mà, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé wọn, ẹ má jókòó sí ìlà iwájú. Ọmọ tó bá rí ojú ìyá ẹ̀ nígbà tó yẹ kó máa wo ṣẹ́lò, ẹ mọ bó ṣe máa rí.

ÌyáOnífíólà, Manchester
Ẹ ò ní rí ogun ọmọ o. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún wọn lánàá. Wọ́n ní àwọn máa kọ́kọ́ fi fídíò ránṣẹ́ sí Wigmore Hall, kí wọ́n lè rí bí físà Banff á ṣe rí. Ọmọ ṣẹ́lò ń béèrè bóyá òun lè fi ṣẹ́lò sínú ibi ẹrù bàálù.

Ṣẹ́lòToronto
Rárá o! Kó ra ìjókòó fún un. Kó má rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó pe ilé iṣẹ́ bàálù náà, kó sọ pé ṣẹ́lò ni, wọ́n á fi í sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n á fún un ní bẹ́líìtì gígùn. Kó kọ orúkọ ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kó sì tètè dé ibùdókọ̀ òfuurufú.

ÌyáOnífíólà, Manchester
Ó yé mi. Ó ku ibi tí wọ́n máa sùn ní London nígbà ìdíje. Ilé ìtura ibẹ̀ ti ń pa mí láyà.

BàbáÌbejì, Peckham
Ẹ kó wọn wá sílé mi. Yàrá méjì ṣófo, àwọn ìbejì ti lọ sí yunifásítì. Wọ́n lè máa ta á títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Tó bá kọjá ìyẹn, ará Jàmáíkà tó wà nísàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà.